Oníbodè Ìmọ́lẹ̀ Inú Igbó Ọ̀sándòru

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó ń jẹ obì kó rọra máa jẹ ẹ́, ẹni tó ń bá ìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó dákẹ́ díẹ̀, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi etí kan gbọ́. N ó sì parí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ má tíì bi mí pé kí ló dé tí ọdẹ bíi tèmi fi ń bá oòrùn dájọ́. Bí a bá dé ìdí ọ̀rọ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Èmi Ọdẹ́rìndé, ọmọ Efúnwùmí, ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi tí mo dojú kọ ẹfọ̀n nínú ẹrẹ̀ nígbà tí ìbọn mi kọ̀ tí kò dún, tí mo sì ru awọ rẹ̀ wálé. Nítorí náà, bí mo bá sọ fún yín pé ẹ̀rù bà mí, kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rù kékeré. Ẹ̀rù tó bà mí nínú Igbó Ọ̀sándòru, títí di òní olónìí, bí ewé bá já lẹ́yìn mi, àyà mi a máa já tẹ̀lé e.

Ọmọ ló gbé mi débẹ̀. Ẹ mọ Àyọ̀ká, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo. Nígbà tí a já a lẹ́nu ọmú, ìyá mi ló gbà á tọ́, olórìṣà aláṣọ àlà sì ni ìyá mi. Epo pupa kì í wọ ìkòkò rẹ̀. Òrí ló fi ń se ọbẹ̀, ẹ̀gúsí rẹ̀ a sì máa funfun báláú. Ohun tí ìyá mi kò bá jẹ, Àyọ̀ká kò jẹ ẹ́. Ẹ̀fọ́ wà o, ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá ọmọdé tó fẹ́ràn ẹ̀fọ́. Ní ti ẹran, ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é nílùú yìí: a ní ẹyin àti ẹ̀dọ̀ a máa sọ ọmọdé di olè, nítorí náà inú igbó ni àwa ọdẹ ti ń sun ẹ̀dọ̀ jẹ kí a tó gbé ẹran délé. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Àwa fún wọn lẹ́ran o. Ẹ̀dọ̀ nìkan la fi ṣe tiwa. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ síbì kan, a ó padà wá mú un.

Ní ọdún tí ọ̀dá dá, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, Àyọ̀ká a máa fọwọ́ wá ògiri. Lọ́sàn-án, ó ń rí abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, kò rí ìlẹ̀kùn. Ó wá di àṣà pé yóò jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, yóò kọjú sí ọ̀nà oko, yóò máa retí mi, èmi ni n ó sì mú un lọ́wọ́ wọlé. Lọ́jọ́ kan mo pẹ́. Ó ní òun á dá wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lẹ́nu kànga kí Àṣàbí ìyàwó mi tó kígbe gbá a mú. Nígbà tí mo dé tí wọ́n sọ fún mi, n kò lè jẹun, n kò lè jókòó.

Mo mú ọmọ náà tọ Olúọdẹ wa lọ, Baba Ògúngbilé, ẹni tó kọ́ gbogbo wa ní ọdẹ. Ó fa ìpéǹpéjú ọmọ náà wò, ó rí nǹkan funfun kan bí ìfófòó ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyinjú rẹ̀, ó sì mi orí.

"Ọdẹ́rìndé, ojú tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀sán ló ń parí sí. Bí a bá jókòó wò ó, ọmọ yìí kò ní rí ọ̀sán mọ́."

"Baba, kí ni kí n ṣe?"

"Ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀. Àwọn baba wa ní Oníbodè Ìmọ́lẹ̀ ń gbé inú Igbó Ọ̀sándòru, òun ló mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọ ara gbogbo ohun tó lẹ́mìí. Ẹ̀gbọ́n mi lọ bẹ̀ ẹ́ wò nígbà ayé rẹ̀. Fìlà rẹ̀ la rí létí igbó."

"Mo gbọ́, Baba. N ó lọ."

"Kò sí oníbodè tí kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń kọjá. Ronú dáadáa kó o tó bá a dá májẹ̀mú."

Kí n ronú kẹ̀? Ẹni tí ojú ọmọ rẹ̀ ń kú lọ kì í ronú, ẹsẹ̀ ló ń gbé e lọ.

Nígbà tí mo dé etí igbó náà, oòrùn wà lókè orí gan-an. Mo gbé ẹsẹ̀ wọlé, ọ̀sán sì tán. Kì í ṣe pé ilẹ̀ ṣú o. Bí mo bá bojú wẹ̀yìn, mò ń rí oòrùn lójú ọ̀nà tí mo gbà wá, ṣùgbọ́n kò tẹ̀lé mi wọlé. Ó dúró sẹ́nu igbó bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún pé kó jókòó. Ẹyẹ kankan kò ké. Mo yọ ìṣáná, mo tan àtùpà tí mo dè mọ́ iwájú orí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣírí iṣẹ́ wa kan fún yín. Bí ọdẹ bá fẹ́ ṣáná nínú òkùnkùn, ojú kan ló fi ń wò ó, a di èkejì pa gírígírí. Ojú tó bá wo iná, bí iná náà bá kú, ó ti di ojú àlejò nìyẹn, kò ní rí ẹran, kò ní rí ejò. Èyí tí a dì pa ni yóò ṣamọ̀nà. Kùmọ̀ ni bàbá mi fi kọ́ mi ní èyí, ó tó ìgbà mélòó kan tó fi kàn mí lórí, n kò sì mọ ìdí rẹ̀ títí mo fi débi tí mò ń sọ yìí.

Ohun tó kọ́kọ́ dí mi lọ́nà ni pápá patanmọ́. Ẹ mọ patanmọ́, èyí tó ń pa ewé dé bí a bá fọwọ́ kàn án, tó sì ń sùn bí ilẹ̀ bá ṣú. Ti ibẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, ẹ̀gún rẹ̀ sì gùn bí ìka ọwọ́. Òkùnkùn ti mú kí gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ra, eku kò lè gbà á kọjá. Egungun ẹtu kan kọ́ sára ẹ̀gún níbẹ̀, orí rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà àbájáde. Ṣùgbọ́n bí iná àtùpà mi ti bà wọ́n, mo gbọ́ tí ewé ń ṣí, ọ̀nà sì là níwájú mi níwọ̀n ibi tí iná dé. Mo wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn mi, níbi tí iná ti kúrò, mo gbọ́ tí ẹ̀gún ń padé. Mo ṣèèṣì yí orí láti wò ó, iná kúrò níwájú, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ẹ̀gún gbá mi láyà mú, ó ya ẹ̀wù ọdẹ mi. Kíá ni mo yí orí padà. Mo ń rìn, ọrùn mi le gan-an, mo sì ń bi ara mi pé: ewéko tí kò lójú, ta ló ń sọ fún un pé iná ti dé?

Nígbà tí mo já síwájú, ilẹ̀ rọ̀. Mo rò pé gbòǹgbò ni mo tẹ̀. Gbòǹgbò náà sì sọ̀rọ̀.

"Gbé iná yẹn kúrò lára mi!"

Ekòló ni, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ekòló tó nípọn bí igi ọ̀pẹ, n kò mọ orí rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdí. Mo fọwọ́ bo iná.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀yin tí ẹ kò lójú, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé mo gbé iná?"

"Awọ ara mi ló mọ̀ ọ́n. Má bi mí ní nǹkan. Èmi ni mo ń bi ẹni tó bá gba ibí kọjá. Bó o bá mọ̀ ọ́n, kọjá. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ilẹ̀ abẹ́ mi kò tíì kún. Àlejò kan wọlé, kò kanlẹ̀kùn, kò lẹ́sẹ̀, kò wúwo. Ó fọwọ́ ba àwọn ará ilé, wọ́n kígbe, ọba gbọ́. Bó bá wá fi tipátipá wọlé, àárẹ̀ á mú gbogbo ará ilé. Ta ni?"

Mo fẹ́ sọ pé atẹ́gùn ni. Bí mo ti la ẹnu, ilẹ̀ gbé mi mì dé orúnkún, ó tutù, ó sì ń fà mí. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo pe orúkọ ìyá mi. Ìgbà náà ni mo rí i pé iná díẹ̀ ń jáde láàárín ìka mi, ibi tó sì bá bà lára Ìyá Ekòló ń súnkì.

"Ìmọ́lẹ̀ ni, Ìyá!"

Ilẹ̀ dúró. "Ta wá ni àwọn ará ilé?"

"N kò mọ̀ wọ́n. Nítorí tiwọn ni mo ṣe wá."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gba abẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá. "Ẹni tó bá lè sọ pé òun kò mọ̀, ilẹ̀ kì í gbé e. Kọjá. Ṣùgbọ́n bí Oníbodè bá ní kó o wo òun, má fi gbogbo ohun tó o ní wò ó."

Abẹ́ àpáta ńlá kan ni mo ti bá a. N kò rí i lójú kan náà. Ohun tí mo rí ni ojú. Ojú ewúrẹ́, ojú ológbò, ojú ọ̀gà tó ń yí kiri, ojú ìgbín lórí ìwo, ojú ẹja tí kì í ṣẹ́, gbogbo rẹ̀ lára ẹ̀dá kan ṣoṣo, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Iná mi bà wọ́n, gbogbo wọn tàn padà sí mi lẹ́ẹ̀kan. Ojú ènìyàn méjì wà níbi èjìká rẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn nìkan ni kò tàn. Wọ́n ń ṣẹ́ sí mi léraléra bí ẹni tó fẹ́ kìlọ̀ ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́nu láti sọ ọ́. Mo rántí fìlà ẹ̀gbọ́n Olúọdẹ. Mo fẹ́ sá. Orúkọ Àyọ̀ká ni mo fi di ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀.

"Ọdẹ, kí lo wá ṣe?"

"Ojú ọmọ mi ń kú ní ìrọ̀lẹ́. Mo wá bẹ̀ yín."

Ó fa ìpéǹpéjú ojú ńlá kan tó wà láyà rẹ̀ sókè bí ẹni ṣí fèrèsé, ó ní kí n wo inú. Mo wò ó. Àwọn ènìyàn tín-ín-tìn-ìn-tín wà níbẹ̀, wọn kò tó ẹnu abẹ́rẹ́, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, kálukú mú ọ̀pá kékeré kan tó tẹ̀ kọrọdọ dání nínú òkùnkùn.

"Asọ́nà ni wọ́n ń jẹ́," ni Oníbodè wí. "Wo iṣẹ́ wọn."

Ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ wọlé. Ọ̀pá tí ìmọ́lẹ̀ bà, ó nà gbọọrọ. Bó ti nà, ó gún asọ́nà tó mú un, asọ́nà fò sókè, ó kígbe sí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn yẹn kígbe sí ọ̀pọ̀ mìíràn, títí ariwo náà fi gba ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ inú orí lọ.

"Ìgbà tí ariwo yẹn bá dé inú orí lẹ tó ń sọ pé, 'Mo rí i.' Ẹ̀yin rò pé ojú nìkan ló ń ríran! Ọ̀pá tó bá ti nà, iṣẹ́ rẹ̀ parí, asọ́nà á jù ú nù. Inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń rí òmíràn tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ti inú oòrùn wọ yàrá fi ń kọsẹ̀ lára àpótí. Ọ̀pá ti nà tán lọ́wọ́ wọn."

Mo rántí bàbá mi àti kùmọ̀ rẹ̀.

"Àwọn asọ́nà wà lára awọ ekòló. Wọ́n wà nínú ewé patanmọ́. Wọ́n wà lára ewédò tín-ín-tín tó ń lúwẹ̀ẹ́ tọ oòrùn lẹ́yìn nínú adágún. Ìdílé wọn kì í ṣe ọ̀kan, ohun tí wọ́n mú dání kò sì dọ́gba, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni: kí ìmọ́lẹ̀ má kọjá láìfọwọ́ ba ẹnì kan. Wàyí o, wo ti ọmọ rẹ."

Ó ṣí ojú kékeré kan níwájú orí rẹ̀. Mo mọ ojú náà. Ojú Àyọ̀ká ni, ó pọ́n díẹ̀ bó ti máa ń pọ́n nígbà tó bá sunkún. Àwọn asọ́nà inú rẹ̀ dúró, wọ́n na ọwọ́ síwájú, ọwọ́ wọn ṣófo. Àwọn kan ti ṣubú. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó rìn láàárín wọn, ó jáde lọ, ẹnikẹ́ni kò kígbe. Omijé bọ́ lójú mi níwájú ẹ̀dá yẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú kò sì tì mí.

"Wọn kò ya ọ̀lẹ," ló wí. "Wọn kò rí igi tí wọn ó fi gbẹ́ ọ̀pá ni."

"Níbo ni igi náà wà?"

"Ẹ̀tọ́ ibodè ló kọ́kọ́ yá. Bí ojú ọmọ rẹ bá là, ẹni tàbí ẹran tí ọmọ náà bá kọ́kọ́ rí ní ìrọ̀lẹ́, tèmi ni ìríran ìrọ̀lẹ́ ojú onítọ̀hún títí ayé. O kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni kó tó ṣẹ."

Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ti ń ronú ewúrẹ́. Mo ní, "Mo gbà."

"Igi náà wà nínú epo pupa. Ó wà nínú ẹ̀dọ̀ ẹran. Ó wà nínú ẹ̀fọ́ tútù."

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà lápò ṣòkòtò! Gbogbo ẹ̀dọ̀ tí a ti sun jẹ nínú igbó, tí òórùn rẹ̀ ń tẹ̀lé wa délé, tí Àyọ̀ká ń fi imú fa òórùn náà lára ẹ̀wù mi! Mo dúpẹ́, mo yí padà láti máa lọ.

"Ti ọmọ rẹ nìyẹn," ni Oníbodè wí lẹ́yìn mi. "Ojú tìrẹ tó ti wo inú ilé mi ńkọ́? Ojú tó bá wò ó kì í jáde. Wò mí, ọdẹ."

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ekòló sọ sí mi lọ́kàn. Bí mo ti ń yíjú sí i, mo di ojú òsì mi pa gírígírí. Gbogbo ojú ara rẹ̀ là lẹ́ẹ̀kan náà, oòrùn gbogbo tí wọ́n ti gbé mì sì tú jáde. Ojú ọ̀tún mi rí funfun, lẹ́yìn náà kò rí nǹkan kan mọ́. Ó fọwọ́ gbá àtùpà mi, àtùpà fọ́, òkùnkùn dé. Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín, ó ń rọra bọ̀, ó rò pé afọ́jú ni mo dúró níbẹ̀. Mo ṣí ojú òsì. Ọ̀pá àwọn asọ́nà tibẹ̀ kò tíì nà. Mo rí etí àpáta, mo rí ọ̀nà, mo sì rí ọwọ́ rẹ̀ tó ti kù díẹ̀ kó kàn mí lójú.

Akíkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bá ogun lọ. Mo sá! Mo fi ìbọn sílẹ̀, mo fi àpò sílẹ̀. Ìyá Ekòló ká ara rẹ̀ kò fún mi, mo fò ó kọjá, mo dé pápá patanmọ́, ó ti padé pinpin. Lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ ìpéǹpéjú tó ń ṣí tó ń dé, bí ìyẹ́ àdán. Ìṣáná díẹ̀ kù lápò ẹ̀wù mi. Mo ṣá ọ̀kan, ewé ṣí, mo wọ̀ ọ́. Ó kú, ẹ̀gún padé mọ́ mi lẹ́yìn. Mo ṣá òmíràn. Níbi tí mo ti ń kánjú, mo dà díẹ̀ nù nílẹ̀, n kò tó bẹ́ẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ṣà wọ́n. Èyí tó gbẹ̀yìn jó dé ìka mi, mo sì rí oòrùn tó dúró dè mí lẹ́nu igbó. Iná kú. Mo sọ ara mi síwájú pẹ̀lú gbogbo agbára mi, ẹ̀gún bó awọ ẹ̀yìn mi bí a ti ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo sì ṣubú sínú ọ̀sán. Ikú tó fẹ́ pani tó ṣí ni ní fìlà, ká dúpẹ́.

Nígbà tí mo délé, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá mi. Mo ní, "Ìyá mi, epo pupa àti ẹ̀dọ̀ ni oògùn ojú ọmọ yìí. Mo mọ èèwọ̀ yín."

Ó wo aṣọ funfun rẹ̀, ó wo ọmọ náà. "Òrìṣà tó mọ ojú kò ní kí ojú ó fọ́. Èmi ni mo jẹ́ ẹ̀jẹ́, ọmọ yìí kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan. Àṣàbí, gbé ìkòkò tìrẹ kaná." Òun fúnra rẹ̀ ló yá ṣíbí Àṣàbí, tó fi ọbẹ̀ pupa sí Àyọ̀ká lẹ́nu, kò sì jẹ́ kí ó kán sí òun láṣọ.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀dọ̀ gbogbo ẹran tí mo bá pa ti ń di ti Àyọ̀ká. Èmi sì so òbúkọ funfun kan mọ́ iwájú àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ní kó máa wò ó ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́. Àṣàbí bi mí léèrè títí, n kò dáhùn. Bí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀, n ó sá lọ sí ahéré, n ó ní kí ìyá rẹ̀ àti ìyá mi lọ wọ yàrá, kí wọ́n dúró títí òkùnkùn yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ dá mi lẹ́jọ́. Lọ́sàn-án, mò ń rí i pé ìfófòó ojú rẹ̀ ti ń parẹ́. Ó wù mí láti rí i nígbà tí ojú náà bá là. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, n kò lè dúró ní ahéré mọ́. Mo yọ́ gba ẹ̀yìn ilé, mo fara pamọ́ sẹ́yìn igi ọsàn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà oko, mo ń yọjú. Òbúkọ ń jẹ èèpo iṣu níwájú rẹ̀. Àyọ̀ká kò wo òbúkọ. Ibi tó ti máa ń kọjú sí látẹ̀yìnwá ló kọjú sí, ọ̀nà tí mo máa ń gbà wá mú un lọ́wọ́. Ó dìde dúró lórí àpótí.

"Bàbá mi! Ẹ jáde wá. Mo rí yín lẹ́yìn igi."

Kò sí ayọ̀ tó tó èyí láyé mi, kò sì sí ẹ̀rù tó tó o. Mo jáde. Ó sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga láìfọwọ́ wá nǹkan kan, ó di mọ́ mi. Mo wo ojú rẹ̀. Mo ń wò ó bí ó ti ń ṣókùnkùn, títí n kò fi rí i mọ́.

Láti ọjọ́ náà, mo ti jẹ ẹ̀dọ̀, mo ti mu epo, àwọn asọ́nà mi kò dáhùn. Lọ́sàn-án, mò ń rí ẹyẹ lórí ìrókò. Bí oòrùn bá ti wọ̀, mo di ẹrù. Ẹ ti mọ ìdí tí n kò fi dẹ̀gbẹ́ lóru mọ́ báyìí. Ẹ lọ fún ọmọ yín ní ẹ̀dọ̀ jẹ. Kò ní jalè. Òjìji igi yìí ti dé ẹsẹ̀ mi, n kò rí ojú ẹni tó jókòó lẹ́yìn mọ́. Ẹ dákẹ́ kí n gbọ́. Ẹsẹ̀ ta ló ń bọ̀ yẹn? Òun ni. Ó ti parí iṣẹ́ ilé, ó ti wá.

"Bàbá mi, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹ na ọwọ́ yín."